Hilux mi ń fi ikùn ha ilẹ̀: báwo ni mo ṣe lè gbé e ga láìná owó púpọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mẹkaníkì. Ìdígní ni mò ń gbé, Hilux 4x4 àtijọ́ ni mo fi ń kó àgbàdo àti gàrí wọ ọjà Kétu. Tí òjò bá ti pọ̀, tí àwọn kámíọ̀ ti gbẹ́ ipa táyà sójú ọ̀nà oko, ṣe ni abẹ́ ọkọ̀ mi ń ha yẹ̀ẹ̀pẹ̀ àárín. Ẹ̀yìn ní lámù (àwọn irin pẹlẹbẹ tó to léra tó ń gbé ọkọ̀), ṣùgbọ́n ọ̀pá irin gígùn méjì ni mo rí níwájú. Wẹ́dà àdúgbò wa ní òun á fi irin kìjikìji há a níwájú lẹ́yìn, kó lè ga. 150 000 fránkì ló wà lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n gbé e fún un?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì gbé e fún un. Orí lámù ni wọ́n ń há irú irin bẹ́ẹ̀ sí, iwájú ọkọ̀ yín kò sì ní lámù kankan. Ẹni tó sọ pé òun á há a níwájú kò tíì wo abẹ́ ọkọ̀ náà.

Ẹ tẹ́ ẹní, kí ẹ wọ abẹ́ rẹ̀ fúnra yín, kí ẹ wo ibi tí ilẹ̀ ti ha títí tó fi ń dán. Bó bá jẹ́ ìkòkò dífù ẹ̀yìn (irin ribiti tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì) ló ń dán, kò sí irin tàbí lámù tó lè gbé e kúrò nílẹ̀, torí táyà nìkan ló ń gbé dífù. Ṣásí (egungun ọkọ̀) àti ara ọkọ̀ ni irin àti lámù ń gbé. Dífù á wà níbi tó wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti náwó tán kí wọ́n tó mọ èyí.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́jú láìsí ẹrù, kí ẹ wo lámù ẹ̀yìn láti ẹ̀gbẹ́. Lámù tó ṣì lágbára a máa tẹ̀ bí ọrun. Tí tiyín bá ti tẹ́jú gbalaja, tàbí tí ọ̀kan nínú wọn ti ṣẹ́ (ẹ wá ìlà tí ìpẹtà pupa ti ń jáde), ọkọ̀ yín kò tíì nílò gíga kankan: gíga tirẹ̀ ló sọnù. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó ń kó ẹrù pé kó kọ́kọ́ náwó sórí lámù. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ àlòkù tà ní Porto-Novo tàbí Kutonu, kí ẹ wá ti Hilux bíi tiyín tó ṣì tẹ̀ dáadáa, tàbí kí ẹ fi lámù kan kún èyí tó wà. Èyí tí a fi kún un máa ń gbé e ga díẹ̀, kì í sì í jẹ́ kó tẹ̀ wálẹ̀ tí gàrí bá kún ẹ̀yìn. Nígbà tí kò bá sí ẹrù, yóò máa jù yín sókè ṣá. Ẹ ó fara dà á. Àmọ́ ìwọ̀n ẹrù tí ilé iṣẹ́ kọ sílẹ̀ kò tìtorí rẹ̀ pọ̀ sí i.

Ẹ má jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ ti lámù àtijọ́ bọ iná títí yóò fi pọ́n, kó wá fi òòlù tẹ̀ ẹ́. Á ga lójú ẹsẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná ti gba agbára irin náà. Kò ní pẹ́ tẹ́jú, ó sì lè ṣẹ́ lábẹ́ ẹrù.

Ti irin híhá lẹ́yìn, a lè ṣe é, tó bá jẹ́ ẹyọ kan, tó jẹ́ irin gidi, tí kì í ṣe igi, tí wọn kò sì to méjì lé ara wọn. Bóòtù onírìísí U tuntun tó gùn tó ni kí wọ́n fi dè é, kí wọ́n sì tún un fún lẹ́yìn ìrìn àjò díẹ̀. Àwọn mìíràn máa ń fi èyí tó gùn jù rọ́pò irin méjì tó so ìdí lámù mọ́ ṣásí. Bí ẹ bá fi sẹ̀ǹtímítà 5 kún gígùn rẹ̀, nǹkan bíi 2 ààbọ̀ péré lọkọ̀ máa fi ga, yóò sì máa mì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi kò fẹ́ràn rẹ̀.

Níwájú, ọ̀pá méjì tí ẹ rí yẹn ló ń lọ́ tó ń tú bí táyà ṣe ń gòkè tó ń sọ̀. Bóòtù kan wà ní ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí a bá fún un, iwájú á ga. Owó iṣẹ́ nìkan lẹ máa san. Kí wọ́n fi jáàkì gbé ṣásí kí táyà má kanlẹ̀ kí wọ́n tó yí i, kí wọ́n sì fi ọ̀dà sàmì síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Èmi kì í kọjá sẹ̀ǹtímítà 3. Bí ẹ bá lé e kọjá bẹ́ẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ ọ̀pá tó ń yí táyà iwájú á tẹ̀ jù, rọ́bà tó bò ó á ya, gíríìsì á jáde, iyanrìn á wọlé. Kí wọ́n tún tọ́ ẹsẹ̀ táyà iwájú lẹ́yìn iṣẹ́ náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ táyà á jẹ lápá kan.

Nípa táyà: tó bá jẹ́ 205R16 ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 74. 235/85R16 ga tó 80 lé díẹ̀, nítorí náà dífù á fi nǹkan bíi 3 kúrò nílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yí ọwọ́ ọkọ̀ dé òpin lápá méjèèjì, kí ẹ rí i pé kò fara kan mádígáàdì. Ọkọ̀ á wúwo díẹ̀ láti gbéra, bí mítà bá sì sọ pé 80, bíi 87 lẹ ń sá. Táyà àlòkù ńkọ́? Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà ní ìparí àmì DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Tó bá ti lé ní ọdún mẹ́wàá, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ohun kan wà tí àwọn wẹ́dà kì í rántí. Lórí ọ̀pọ̀ Hilux, fáàfù bírékì kan wà lẹ́yìn tí ọ̀pá tín-ínrín so mọ́ dífù. Bí ẹ̀yìn bá ti tẹ̀ sílẹ̀ tó ló fi ń mọ̀ pé ẹrù wà. Tí ẹ bá gbé ẹ̀yìn ga tí ẹ kò tún ọ̀pá náà tò, fáàfù á rò pé ọkọ̀ ṣófo, bírékì ẹ̀yìn kò sì ní mú tó, ẹrù kún ibẹ̀ o! Kí wọ́n tún wo rọ́bà bírékì àti àmọ́tísọ̀ (èyí tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ máa fò sókè sódò), kí wọ́n má baà nà tán nígbà tí táyà bá sọ̀ kalẹ̀.

Bí mo bá jẹ́ yín, owó náà á kọ́kọ́ lọ sórí lámù, lẹ́yìn náà sórí bóòtù iwájú. Táyà á dúró di ìgbà tí àgbàdo bá tà. Wẹ́dà yẹn náà á rí iṣẹ́ tirẹ̀: ẹ jẹ́ kó gé irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó mílímítà 4, kó fi bóòtù dè é sábẹ́ ẹ́ńjìnnì kí òkúta má baà lu àgbá ọ́ìlì. Kó lu ihò síbi tí wọ́n ń gbà tú ọ́ìlì o, kí ẹ má baà máa tú gbogbo irin náà nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀.