Ṣé Kérésìmesì ló yẹ ká fi ètò ìkówójọ sí, àbí Iléyá?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹgbẹ́ kékeré kan la dá sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. À ń ra ìwé, bàtà àti báàgì fún àwọn ọmọ aláìlóbìí kí ilé-ìwé tó wọlé ní oṣù Kẹsàn-án. Nígbà Kérésìmesì tó kọjá, a gba gbọ̀ngàn, a pe èèyàn. Ìlérí pọ̀ lọ́jọ́ náà, àmọ́ èyí tó tẹ̀ wá lọ́wọ́ kò ju owó gbọ̀ngàn àti oúnjẹ lọ. Ìgbà wo ló dáa ká tún un ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú làálàá. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn yín ò láàánú. Oṣù tí ìlérí wọn bọ́ sí ni kí ẹ wò. Ẹni tó ṣèlérí nígbà Kérésìmesì, oṣù Kìíní ló fẹ́ san án, ó sì ti ra aṣọ ẹbí bíi mẹ́ta, owó ilé-ìwé sáà kejì sì ń dúró dè é nílé. Kò ní gbé fóònù yín. Oṣù Kejìlá náà ni gbọ̀ngàn àti alásè máa ń wọ́n jù.

Ní ìlú tiyín, Iléyá ni mo máa mú. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, àjọ̀dún ńlá àwọn Ìjẹ̀bú, àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà l'Ékòó àti lókè òkun á sì ti wálé. Ẹ ò ní ná kọ́bọ̀ kí wọ́n tó péjọ. Ṣùgbọ́n ẹ má bá Ojúde Ọba du ọjọ́ o. Ta ló máa fi ẹṣin àti ìlù sílẹ̀ wá jókòó tì yín? Ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ ni kí ẹ lò, wákàtí méjì péré, nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé. Inú ilé ni mo wí, torí òjò. Mo ti rí kánópì tí omi gbára jọ sórí rẹ̀ títí ó fi ya lu tábìlì àwọn àlejò. Ibẹ̀ ni ètò ọjọ́ náà parí sí.

Ẹ máa wo kàlẹ́ńdà. Òṣùpá ni Iléyá ń tẹ̀ lé, ó ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá yá lọ́dọọdún: Ojúde Ọba 2024 bọ́ sí 18 oṣù Kẹfà, ti 2025 bọ́ sí ọjọ́ 8. Ó ṣì ku oṣù méjì ó lé kí ilé-ìwé tó wọlé, ẹ ó sì ráyè gba ìlérí.

Àmọ́ kí ọjọ́ ètò tó pé ni owó gidi ti ń wọlé. Ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, ẹ lọ sí ìpàdé àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́-orí kan náà tó máa ń jáde lọ́jọ́ Ojúde Ọba, nígbà tí wọ́n ń dáwó aṣọ. Ẹ gbé báàgì ọmọ kan dání, kí ẹ tú u sórí tábìlì níwájú wọn: ìwé, bàtà, yúnífọ́ọ̀mù, kí ẹ máa dárúkọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ẹ wá ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gba ọmọ mẹ́wàá. Tí ẹgbẹ́ méjì tàbí mẹ́ta ò bá tíì fowó sílẹ̀, ẹ má tíì tẹ káàdì ìpè.

Lọ́jọ́ ètò, kí ọ̀dọ́ méjì dúró pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, iye owó, àti ọjọ́ tí olówó fúnra rẹ̀ mú pé òun á san. Àkáǹtì ẹgbẹ́ ni kí owó wọ̀, kì í ṣe tẹnikẹ́ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni kí ẹ pe àwọn ará òkè òkun, kí wọ́n tó wọ bàálù padà.