Kí ló dé tí ẹ́ńjìnì rélùwéè tó ń jẹ́ Mallard kò fi dé Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ tó sáré jù?

Béárìn, ibi tí ọ̀pá ẹ́ńjìnì ti ń yí, ló yọ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù Keje 1938, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Stoke Bank nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ́ńjìnì rélùwéè olóoru omi yìí sáré dé máìlì 126 ní wákàtí kan. Sìlíńdà mẹ́ta, níbi tí oru omi ti ń ti ẹ́ńjìnì, ló ní, ṣùgbọ́n fáàfù (ohun tó ń ṣílẹ̀kùn fún oru omi) ti àárín kò dá ṣiṣẹ́: àwọn ọ̀pá tó so mọ́ fáàfù méjì ẹ̀gbẹ́ ló ń tì í. Bí eré bá ti pọ̀ jù, fáàfù náà á máa lọ kọjá ààyè rẹ̀, sìlíńdà àárín á wá máa ṣe ju ìpín tirẹ̀ lọ, irin rírọ̀ inú béárìn ńlá rẹ̀ á sì gbóná débi pé á yọ́. Wọ́n rọra wà á dé Peterborough, ẹ́ńjìnì mìíràn ló fa ọkọ̀ náà dé King's Cross, ibùdókọ̀ rélùwéè ní Lọ́ńdọ̀nù. Mallard wà ní mùsíọ́mù rélùwéè ní York báyìí. Ẹ dúró ti táyà rẹ̀ wò: ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 8, ó ga ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ!