Ṣúgà tó ń gòkè tó tún ń já lójijì: ohun tó ràn mí lọ́wọ́

Ẹ kú ara líle o. Ẹ ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín máa ń lé ní 250 mg/dL lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, pé tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ á ti já sí 60, tílẹ̀ bá sì mọ́, ẹ tún máa ń bá a lókè láìjẹ ohunkóhun mọ́jú. Ó ti pẹ́ tí èmi àti àtọ̀gbẹ ti jọ ń gbé, ínsúlínì, abẹ́rẹ́ tó ń mú ṣúgà wálẹ̀, ni mò ń gún, ọ̀rọ̀ yín yé mi.

Jíjá yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó, torí òun ló sábà máa ń ba ìyókù jẹ́. Tí ṣúgà bá já, òógùn á bo èèyàn, àyà á máa lù kìkì, ebi tó sì máa ń dé nígbà yẹn, kò ṣeé fẹnu sọ. Gbogbo ohun tó wà nílé ló máa ń ṣe èèyàn bíi kó jẹ. Ẹ má dán an wò. Tó bá ti wà nísàlẹ̀ 70 (3.9 ni, tó bá jẹ́ mmol/L ni ẹ̀rọ tí ẹ fi ń wọn ṣúgà ń kà), gíráàmù 15 ṣúgà tó ń yára wọ ẹ̀jẹ̀ ti tó: ṣíbí ńlá kan ṣúgà tí ẹ pò mọ́ omi, tàbí omi èso bíi mílílítà 120. Ẹ mu ún, ẹ jókòó, ẹ máa wo aago. Ìṣẹ́jú 15 yẹn kì í tán bọ̀rọ̀, mo mọ̀. Ẹ wá yẹ̀ ẹ́ wò; tí kò bá tíì tó 70, ẹ tún mu ìwọ̀n kan náà. Ẹ fi ṣokoléètì sílẹ̀ o, ọ̀rá inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ṣúgà tètè ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá jẹun bí ẹni tó ń ṣínu ààwẹ̀ á bá a ní 280 láìpẹ́, á fi ínsúlínì lé e, á sì tún já.

Èmi ti wọn ṣúgà sínú ìgò kéékèèké sílẹ̀, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọ̀kan nínú báàgì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n kò lè máa fi ṣíbí wọn nǹkan. Mo sì ti kìlọ̀ fún àwọn ará ilé pé tí mo bá dákú, wọn kò gbọdọ̀ da ohunkóhun sí mi lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé mi lọ kíá.

Ní ti ọ̀sán, ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja tàbí ẹyin, kí ìrẹsì tàbí búrẹ́dì kẹ́yìn. Tí ẹ bá jẹun tán, ẹ dìde, ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Iṣan tó ń ṣiṣẹ́ máa ń fa ṣúgà sára láìdúró de ínsúlínì púpọ̀. Abọ́ ìrẹsì kan náà tó gbé mi dé 220 nígbà tí mo jókòó, kò kọjá 170 nígbà tí mo rìn. Àmọ́ tó bá jẹ́ eré ìdárayá tó le ni, ẹ ṣọ́ra, ó lè mú ṣúgà já títí di òru.

Kí ẹ tún wo àkókò oúnjẹ yín. Ínsúlínì àti oògùn àtọ̀gbẹ bíi glibenclamide kò mọ̀ pé ẹ kò tíì jẹun, wọ́n á ṣáà máa fa ṣúgà wálẹ̀ ni. Ẹni tó ń lo metformin, oògùn àtọ̀gbẹ mìíràn, nìkan kì í sábà rí irú jíjá bẹ́ẹ̀. Ọtí líle lórí inú òfìfo náà ń fà á, torí kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ ráyè tú ṣúgà sílẹ̀.

Ti àárọ̀ kì í ṣe ẹ̀bi yín. Láàárín aago mẹ́ta òru sí mẹ́jọ àárọ̀, àwọn hómóònù ara máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ ká lè jí. Àìsùn dáadáa ń dá kún un. Ẹ fi aago ta ara yín jí ní aago mẹ́ta fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fọ ọwọ́ o: omi èso tó kù lórí ìka lè jẹ́ kí ẹ̀rọ parọ́. Ẹ kó nọ́ńbà wọ̀nyẹn lọ bá dókítà yín kí ẹ tó fọwọ́ kan ìwọ̀n oògùn.