Ìbéèrè Yín: Tí Atẹ́gùn Bá Dákẹ́ Láàárín Òkun Ńkọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ fi ọkọ̀ ìgbòkun wa la Atlántíìkì já láti àríwá lọ sí gúúsù. Wọ́n ní atẹ́gùn máa ń dákẹ́ nítòsí ìlà agbedeméjì ayé. Dísẹ́ẹ̀lì wa ò ju lítà 200 lọ, ẹ́ńjìnnì sì ń mu lítà 3 ní wákàtí. Ṣé ká kàn tan ẹ́ńjìnnì ni?

Ẹ má tíì fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ yẹn o. Lítà 200, wákàtí 66 péré nìyẹn, tí ọkọ̀ bá ń sá máìlì 5 ní wákàtí, ẹ ò tíì ní rìn ju máìlì 330 lọ tí gbogbo ẹ̀ fi máa gbẹ, kí lẹ wá fẹ́ fi ṣájì bátìrì? Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́ta sọ́tọ̀. Ibi tó dákẹ́ yẹn dà bí ìgbànú ni, ó nà láti ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn, torí náà tẹ́ ẹ bá máa tan ẹ́ńjìnnì, ẹ dojú kọ gúúsù tààrà kẹ́ ẹ yáa já a. Apá ilẹ̀ Áfíríkà ló ti máa ń fẹ̀ jù.

Àmọ́ kì í ṣe àìsí atẹ́gùn ló ń ba ọkọ̀ jẹ́, ìgbì ni. Atẹ́gùn á lọ, ìgbì ò ní bá a lọ, ọkọ̀ á máa yí sọ́tùn-ún yí sósì, ìgbòkun ńlá á máa gbá pà! pà! ní gbogbo òru. Mo fojú di ariwo yẹn rí, nígbà tó dọjọ́ kẹta ojú rírán kan ti tú lókè lọ́hùn-ún níbi tọ́wọ́ mi ò tó. Ẹ fokùn fa ọ̀pá ìdí ìgbòkun ńlá yẹn síwájú kó má lè fì, tí ò bá gbọ́, ẹ sọ ìgbòkun náà kalẹ̀ jàre.

Tí atẹ́gùn díẹ̀ bá wá ń fẹ́ látẹ̀yìn, ẹ má bá a lọ gbọnrangandan, ńṣe ló máa dà bí ẹni pé ò sí rárá. Ẹ yà díẹ̀ kó máa gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ọ̀nà á gùn sí i lóòótọ́, àmọ́ ọkọ̀ á sáré. Ẹ ta ìgbòkun náílọ́ọ̀nù tó fúyẹ́, kẹ́yin méjèèjì jókòó sápá ibi tí ìgbòkun náà wà kí ọkọ̀ tẹ̀ síbẹ̀, ìwúwo aṣọ náà ò ní jẹ́ kó pa dé.

Tẹ́ ẹ bá rí ìkùukùu dúdú tó ń bọ̀, ẹ ká náílọ́ọ̀nù yẹn kíá, atẹ́gùn ló máa ń ṣáájú òjò. Ẹ jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ fọ iyọ̀ ara ìgbòkun dànù, kẹ́ ẹ tó gbé korobá sábẹ́ ẹ̀.