Èsì: Ṣé mo lè lo háàdì díráìfù àlòkù TB 8 yìí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kó fọ́tò ẹbí sórí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi smartctl -a, àṣẹ kọ̀ǹpútà tó ń fi ìlera díráìfù hàn, wò ó. Lábẹ́ RAW_VALUE, òdo ló yẹ kí Reallocated_Sector_Ct (iye ojú ibi tó bàjẹ́ tí díráìfù ti fi òmíràn rọ́pò) àti Current_Pending_Sector (iye ojú ibi tí díráìfù ń fura sí pé ó ti bàjẹ́) jẹ́. Ẹ má gbára lé iye wákàtí tó ti ṣiṣẹ́, àwọn kan máa ń pa á rẹ́ kí wọ́n tó tà á.

Àṣẹ tó ń wá ojú ibi tó bàjẹ́, badblocks -wsv -b 4096, ló kàn. Ó máa kọ nǹkan sí gbogbo ojú díráìfù lẹ́ẹ̀mẹrin, á sì máa kà á padà. Ohun tó bá wà níbẹ̀ á pa rẹ́ pátá o! Ó lè gbà tó ọjọ́ márùn-ún, ẹ ṣètò iná sílẹ̀. Ọ̀kan tí mo rà mọ́ tónítóní lọ́jọ́ kìíní. Ọjọ́ kejì ni Current_Pending_Sector rẹ̀ ti di 24. Mo dá a padà kíákíá.