Ẹ̀ka rúwé, ẹ ní ó ti ta gbòǹgbò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkẹ́nnẹ́ ni mò ń gbé. Mo ra yellow bush 70 lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, mo fẹ́ fi ṣe ọgbà síwájú ilé. Gbogbo rẹ̀ ló ti rúwé dáadáa kí n tó gbìn ín. Mo bu fatiláísà sí i, mò ń bomi rin ín láàárọ̀ àti lálẹ́, síbẹ̀ díẹ̀ ló kù. Àwọn kan ní ilẹ̀ wa ni kò dáa, àwọn kan ní kí n máa fi oyin ra ìdí ẹ̀ka kí n tó gbìn ín. Àbúrò mi tó wà ní England sì ní òun á mú ẹ̀ka igi yew bọ̀ ní Kérésì, pé òun ni wọ́n fi ń ṣe ọgbà lọ́hùn-ún. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìnáwó. Ọ̀rọ̀ yew kò gba àkókò: ẹ ní kí àbúrò yín fi í sílẹ̀ níbi tó wà. Igi ilẹ̀ olótùútù ni, ooru Rẹ́mọ kò ní bá a lára mu. Májèlé sì ni ewé rẹ̀ àti kóró inú èso rẹ̀, ìbáà jẹ́ tútù, ìbáà jẹ́ gbígbẹ. Ó ń pa màlúù, ó ń pa ẹṣin. Ẹ̀yin náà sì mọ ìwà ewúrẹ́ àdúgbò yín. Yàtọ̀ sí ìyẹn, èèyàn kì í kàn di ẹ̀ka tútù sínú báàgì wọ̀lú láìgba ìwé àṣẹ. Àjọ NAQS, tó ń ṣọ́ kí àrùn ohun ọ̀gbìn má bàa wọlé, lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú.

Ó ku ti yellow bush. Mi ò tíì fojú rí ilẹ̀ yín, mi ò lè búra fún un, ikán náà sì lè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó di ẹ̀bi ru ilẹ̀, gbólóhùn kan wà nínú ìbéèrè yín tí mo ń gbọ́ lẹ́nu gbogbo èèyàn láti Ṣàgámù dé Ìjẹ̀bú-Òde: “ó ti rúwé dáadáa kí n tó gbìn ín.” Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti mú yín. Ewé tó yọ lórí ẹ̀ka kò fi hàn pé ẹ̀ka náà ti ta gbòǹgbò. Ó ti sú mi láti máa sọ ọ́, àmọ́ màá tún un sọ.

Ẹ wo iṣu inú àká. Tí ìgbà rẹ̀ bá tó, á hù, bẹ́ẹ̀ kò sí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì bomi rin ín. Oúnjẹ ara rẹ̀ ló ń ná. Ẹ̀ka tí wọ́n gé náà ní oúnjẹ tirẹ̀ nínú igi. Bí omi bá kàn án, tí ooru sì wà, ojú tó sùn ní oríkèé á jí, ewé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Gbòǹgbò ní tirẹ̀ kò yá bẹ́ẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n ti gé e á kọ́kọ́ jinná, á wú fẹ́ẹ́rẹ́, kí gbòǹgbò tó máa yọ níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ó tó tó nǹkan. Láàárín àsìkò méjèèjì yìí ni ẹni tó ń tà á lẹ́bàá títì ti ń pawó. Ó gún igi sínú ọ̀rá dúdú, ewé yọ, ó gbé e síta, ẹ rí i, inú yín dùn. Ẹ gbé e délé, ẹ gbìn ín sínú oòrùn. Ewé ń fẹ́ omi lójoojúmọ́, kò sí ẹnu tó ń mu ún nísàlẹ̀, oúnjẹ inú igi tán, igi kú. Wọ́n á wá ní ilẹ̀ ni! Ẹ̀ka yew tí àbúrò yín ń sọ yìí gan-an lè tutù yọ̀yọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìní gbòǹgbò kan ṣoṣo.

Fatiláísà tí ẹ bù sí i dá kún un. Iyọ̀ ni fatiláísà, igi tí kò ní gbòǹgbò kò lè jẹ ẹ́, ńṣe ló ń jó ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Omi àárọ̀ àti alẹ́ náà pọ̀ jù, ìdí rẹ̀ á jẹrà. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ rin, kí omi má ṣe dá sí i.

Ẹ fi oyin jẹ búrẹ́dì. Ohun tó ń pe gbòǹgbò jáde, tí àwa onímọ̀ ọ̀gbìn ń pè ní auxin, orí ẹ̀ka àti ewé ọ̀dọ́ ló ti ń wá, ó ń ṣàn wálẹ̀, ó sì ń kó jọ sí ibi tí a gé. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í já gbogbo ewé dànù, tí a kì í sì í dorí ẹ̀ka kodò. Lẹ́búlẹ́bú kan wà ní ṣọ́ọ̀bù tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n yellow bush kò nílò rẹ̀. Bí ẹ bá fi dandan lé e, ẹ ra èyí tó ní àkọlé, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ gbé e jìnnà sọ́mọdé. Ẹni tó bá ra ti inú ìgò tí kò lórúkọ, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò sí lọ́wọ́ mi.

Ẹ ṣe tiyín fúnra yín, kò le. Ẹ wá ọgbà tó dára ládùúgbò, kí ẹ tọrọ ẹ̀ka nígbà tí wọ́n bá ń gé e, wọn kì í tà á. Èyí tó nípọn tó pẹ́ńsù ni kí ẹ mú, kì í ṣe ọ̀pá ńlá. Ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé e ní sẹ̀ǹtímítà 12 sí 15, nísàlẹ̀ oríkèé gan-an, kí ẹ já ewé ìsàlẹ̀, kí ẹ fi mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀ lókè. Yanrìn odò tí ẹ po mọ́ ilẹ̀dú díẹ̀, nínú ọ̀rá tó níhò nísàlẹ̀, ni kí ẹ gún un sí, lábẹ́ ibòji. Oṣù Kẹrin tàbí Ìkarùn-ún ló dáa jù, kí òjò lè bá yín tọ́ ọ nígbà tí ẹ bá kó o síta. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, ọyẹ́ ló ń gbìn ín fún.

Tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá pé, ẹ wo ihò ìsàlẹ̀ ọ̀rá. Bí gbòǹgbò funfun bá ń yọjú níbẹ̀, ó ti tó. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ rọra fà á lókè. Tó bá dì mọ́lẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ sí i. Tó bá tẹ̀lé ọwọ́ yín, ìrúwé lásán ni. Nígbà tí ẹ bá ń gbìn ín síta, ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 30 sáàárín ọ̀kan sí èkejì. Bí iwájú ilé yín bá jẹ́ mítà 20, nǹkan bí 67 lẹ máa lò. Ẹ tètè máa gé orí rẹ̀ kó lè bẹ́ka láti ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣojo, ọgbà wọn á wá ga lókè, ìdí rẹ̀ á ṣófo. Èso rẹ̀ kéékèèké aláwọ̀ ìyeyè ní májèlé, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ fi ṣeré.

Kí n má gbàgbé: bí wọ́n bá tún fẹ́ ta ẹ̀ka masquerade, igi gíga tẹ́ẹ́rẹ́ tí ewé rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ yẹn, tí wọ́n gún sínú ọ̀rá fún yín, ẹ má rà á. Kóró tútù la fi ń gbin ìyẹn.

Ní ti àwọn tó kù lára 70 yẹn, ẹ má fà wọ́n tu. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò wọ́n, ẹ dá fatiláísà dúró. Tí ẹ bá sì tún dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin yẹn, ẹ ní kó ya ọ̀rá kan níwájú yín kí ẹ tó sanwó. Bó bá kọ̀, ẹ máa bá tiyín lọ.