Omi iyọ̀ kò lè fọ àrùn kúrò nínú ẹ̀ka òdòdó

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Lóṣù kẹsàn-án tí mo lọ kí ọmọ mi obìnrin ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó mú mi lọ wo ọgbà òdòdó ńlá kan nílé onílé. Ó mọ́ tónítóní, ó wù mí gan-an. Ìyá tó ni ín fúnra rẹ̀ gé ẹ̀ka róòsì mẹ́ta fún mi. Ẹnì kan ní kí n fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, kí n kì í bọ inú ìbọ̀sẹ̀, pé bó bá ti mọ́, kò sí wàhálà. Báwo ni n ó ṣe wé e tí kò fi ní kú kí n tó dé Ìbàdàn?

Ìdáhùn: Ìyá mi, ọ̀rọ̀ wíwé kọ́ nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e wá rárá. Onílé lè fún yín ní ẹ̀ka, àmọ́ kò lè fún yín láṣẹ láti gbé e wọ Nàìjíríà. Ẹ̀ka tútù, irúgbìn, títí kan iyẹ̀pẹ̀ ìdí òdòdó, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàwé àṣẹ lọ́dọ̀ NAQS, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ àrùn ohun ọ̀gbìn àti ẹran ọ̀sìn lẹ́nu ibodè wa. Ìjọba ibi tí ẹ ti gbé e bọ̀ náà gbọ́dọ̀ fún yín ní phytosanitary certificate, ìyẹn ìwé tó ń jẹ́rìí pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò sì rí àrùn lára rẹ̀. Òfin a máa yí padà, ẹ bi NAQS fúnra wọn. Ẹ má bi ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bàálù.

Omi iyọ̀ yìí ló ń dùn mí jù. Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé lọ́dún yìí tí wọ́n máa bi mí nípa rẹ̀. Ara ni omi ń fọ̀, inú sì ni ohun tí mò ń bẹ̀rù wà. Àrùn black spot, tó máa ń to àmì dúdú sára ewé róòsì títí ewé á fi pọ́n tí á sì re, inú èèpo ẹ̀ka ló ń sá pamọ́ sí nígbà òtútù. Àrùn mosaic, tí fáírọ́ọ̀sì ń fà, ń bá oje rìn, ẹ sì lè wo igi tó ní in kí ó dán gbinrin lójú yín.

Kòkòrò ńkọ́? Àbúrò ìyá mi gbé ẹ̀ka òdòdó kan ti ìrìn àjò dé rí, ó ní òun ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo gbé awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá sí i. Ní kọ̀rọ̀ ibi tí ewé ti so mọ́ ẹ̀ka, mo rí nǹkan funfun kan bí òwú, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Mo fi abẹ́rẹ́ tú u. Ẹyin ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ìda ni ìyá wọn fi bò wọ́n, omi sì ń yọ̀ bọ́ lára rẹ̀ bó ṣe ń yọ̀ bọ́ lára ewé kókò. Mo sun ún lẹ́yìnkùlé. Àbúrò ìyá mi bínú sí mi fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ ó ní ẹ̀ka mẹ́ta péré ni. Ẹ bi àwọn àgbẹ̀ tó gbin ẹ̀gẹ́ láyé ìjọ́sí. Kòkòrò funfun kan, tó dà bí ẹni pé wọ́n bu láfún wọ́n ọn, ti Gúúsù Amẹ́ríkà dé Áfíríkà níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 sí 1979. Ohun tí àwọn onímọ̀ gbà ni pé ara ẹ̀ka tí ẹnì kan gbé wá ló bá wọlé. Abo nìkan ni wọ́n, wọn kì í nílò akọ kí wọ́n tó yé ẹyin tó máa pa. Ẹyọ kan ṣoṣo tó. Ó jẹ oko ẹ̀gẹ́ run láti Congo títí dé ọ̀dọ̀ wa. Ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Ìbàdàn yín níbẹ̀, ni Hans Herren, onímọ̀ nípa kòkòrò, àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú agbọ́n kékeré kan láti Paraguay sílẹ̀ lọ́dún 1981. Inú kòkòrò náà ni agbọ́n yìí ń yé ẹyin sí, ọmọ rẹ̀ á sì jẹ ẹ́ láti inú. Wọ́n fún Herren ní World Food Prize, ẹ̀bùn àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, lọ́dún 1995 nítorí rẹ̀. Wàhálà gbogbo ìyẹn, nítorí ẹ̀ka tí ẹnì kan rò pé kò lè ṣe nǹkan kan.

Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ róòsì inú ọgbà wọn, wọ́n lọ́ ọ mọ́ gbòǹgbò róòsì mìíràn ni, òtútù ló sì mọ́ ọn lára. Oòrùn Ìbàdàn á yọ ọ́ lẹ́nu. Bó bá jẹ́ ẹwà ọgbà yẹn lẹ fẹ́, iksórà àti búgẹnfílíà tó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó létí títì á gbà fún yín, bí ẹ bá ń gé e déédéé.

Ẹ máa lọ wo ọgbà ṣá o. Láti ọdún 1927 ni National Garden Scheme, ẹgbẹ́ aláàánú kan níbẹ̀, ti ń jẹ́ káwọn onílé ṣí ọgbà wọn fún aráàlú; ọgbà 609 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ṣílè kan lẹni kọ̀ọ̀kan san nígbà náà, àwọn nọ́ọ̀sì sì ni owó náà wà fún. Bí ẹ bá tún lọ, ẹ wo bí wọ́n ṣe fi ewé jíjẹrà bo ilẹ̀ kí omi má baà tètè gbẹ. Ọgbọ́n yìí lẹ lè gbé wálé láìgbàwé.

Ẹ fi ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ fún ọmọ yín. Kó gé wọn tó gígùn pẹ́ńsùlù tuntun, kó ri ìdá méjì nínú mẹ́ta mọ́ iyẹ̀pẹ̀ nínú ìkòkò, kó gbé e síta, kó má jẹ̀ẹ́ kó gbẹ. Bí ìkan bá mú, ẹ ó bá a níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá tún lọ kí i.